Ọwọ́ Tó Ti Kan Ẹ́ńjìnnì Náà

Nínú ìpolówó ọkọ̀ àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń já owó ọkọ̀ wálẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: pé wọ́n ti yọ ìnjẹ́kítọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti fi kábúrétọ̀ rọ́pò. Ẹlòmíì tó ń tà á yóò sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ ní ìparí ìpolówó. Ẹlòmíì yóò gbé e gẹ̀gẹ̀ bí ẹni pé àǹfààní ńlá ni. Ẹni tó fẹ́ rà yóò kàn fajú ro. Mo ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, Triumph TR6 ọdún 1971, ojú mi sì là kedere nígbà tí mo ń rà á. Àwọn ọ̀rẹ́ tí a jọ fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ò yéé bi mí pé kí ló dé tí n kò fi kówó lé e, kí n ra èyí tí ẹnikẹ́ni kò tí ì fọwọ́ kàn. Èsì mi gùn díẹ̀, nítorí ó kan ohun tí mo gbà gbọ́ nípa ohun èlò àti nípa àwọn tó ń tún un ṣe.

Ní Canley, ní ìlú Coventry, ni Triumph ti ṣe TR6 láti ọdún 1968 títí di 1976. Ọkọ̀ ẹni méjì ni, òrùlé rẹ̀ ṣeé ká, imú rẹ̀ gùn, ìdí rẹ̀ sì gé dọ́gba. Giovanni Michelotti, ará Ítálì, ló ya àwòrán TR4 tó ṣáájú rẹ̀. Nígbà tó di pé kí wọ́n sọ ọ́ di tuntun, ilé-iṣẹ́ Karmann ní Jámánì ni wọ́n gbéṣẹ́ fún. Karmann fi àárín àti ilẹ̀kùn sílẹ̀ bó ṣe wà, ó tún iwájú àti ẹ̀yìn rọ, iṣẹ́ náà sì bára mu débi pé ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀ kò lè mọ̀ pé ọwọ́ méjì ló ṣe é. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ sìlíńdà mẹ́fà lórí ìlà kan, 2,498 cc. Mo fẹ́ràn ohùn ẹ́ńjìnnì yẹn láti ìgbà tí mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́bàá ọ̀nà kan ní Kent, mi ò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ìyẹn, nítorí ìfẹ́ kì í ní àlàyé tó tó.

Ó lé ní 90,000 TR6 tí wọ́n ṣe, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn ló sì gba orí òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Kábúrétọ̀ Stromberg méjì-méjì ni gbogbo àwọn tó lọ sí Amẹ́ríkà fi délé ayé, nítorí òfin èéfín ọkọ̀ ti ń le níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n tà ní Bìrìtìkó ló ní ìnjẹ́kítọ̀ Lucas. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: bí a bá kó gbogbo TR6 ayé jọ sójú kan, oníkábúrétọ̀ ló máa pọ̀ jù. Ẹni tó bá ń pariwo pé kábúrétọ̀ jẹ́ àjèjì lára TR6 kò tí ì wo ìwé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Lẹ́tà tó ṣáájú nọ́ńbà ọkọ̀ ló ń sọ irú ọmọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́: CP àti CR ni ti ìnjẹ́kítọ̀, CC àti CF ni ti Amẹ́ríkà. CP ni tèmi.

Ohun tí wọ́n yọ kúrò lára rẹ̀ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Lucas ti gbé irú ìnjẹ́kítọ̀ bẹ́ẹ̀ sára Jaguar D-type tó sáré ní Le Mans ní 1956, kó tó di pé Triumph gbé e wá fún ará ìlú pẹ̀lú TR5 ní 1967. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀. Pọ́ǹpù oníná kan wà nínú búùtù. Mọ́tò wáípà ni wọ́n tún ṣe tí wọ́n fi ń yí i. Pọ́ǹpù yìí ń ti epo lọ síwájú pẹ̀lú agbára tó lé ní 100 psi, nígbà tí táyà ọkọ̀ náà kì í gbà ju nǹkan bí 25 tàbí 30 lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì ni òṣùwọ̀n epo wà. Irin róbótó kan ń yí nínú rẹ̀, ihò wà lára irin náà, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún sì ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn wà tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìdènà méjì. Epo fúnra rẹ̀ ló ń tì í. Bí epo bá gba ọ̀tún wọlé, irin tẹ́ẹ́rẹ́ á sá lọ sósì, á sì tú epo tó wà níwájú rẹ̀ jáde sí sìlíńdà kan. Bí irin ńlá bá ti yí díẹ̀, epo á gba òsì wọlé, irin tẹ́ẹ́rẹ́ á padà, sìlíńdà mìíràn á gba tirẹ̀. Ibi tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ lè sá dé ni ìwọ̀n epo tí ẹ́ńjìnnì á mu. Ìdènà kan dúró gbọn-in, èkejì ń sún, bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń fa afẹ́fẹ́ sí ló sì ṣe ń sún. Àyè tó wà láàárín irin sí irin níbẹ̀ kéré débi pé kò sí òróró tí wọ́n ń dà sí i. Bẹntiróòlù tó ń kọjá nínú rẹ̀ náà ló ń fi yọ̀.

Mo máa ń ronú nípa àwọn tó gé irin yẹn ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìsí ẹ̀rọ ayárabíàṣá kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo sì ń yẹ́ wọn sí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọpọlọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nílò ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú. Bí oòrùn bá mú, tí epo táńkì sì ti lọ sílẹ̀, pọ́ǹpù inú búùtù á gbóná, epo inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í di oru, agbára á já, ọkọ̀ á máa ta kọ́ṣẹ́kọ́ṣẹ́ láàárín títì. Àwọn awakọ̀ ìgbà náà a máa gbé àpò ẹ̀wà tútù láti inú fìríìsà lé pọ́ǹpù lórí kó lè fara balẹ̀. Bátìrì tí kò lágbára tó, epo tó dọ̀tí díẹ̀, rọ́bà tó wú nínú òṣùwọ̀n epo, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó láti sọ ọkọ̀ di ohun tí wọ́n ń tì. Mẹkáníìkì abúlé tó mọ kábúrétọ̀ bí ẹní mowó kò ní irinṣẹ́ tó lè fi wọn 100 psi, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ. Yóò tú u, yóò tún un dè, kò ní yàtọ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ á sanwó, á tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bí àwọn ọdún 1970 ṣe ń lọ sópin tí àwọn ọdún 1980 sì ń wọlé, TR6 ti di ọkọ̀ àlòkù lásán. Owó tí wọ́n fi ń tún ìnjẹ́kítọ̀ ṣe lè sún mọ́ owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí ibi tí wọ́n ń tú ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ tà, wọ́n yọ kábúrétọ̀ SU tàbí Stromberg lára Triumph onílẹ̀kùn mẹ́rin, wọ́n gbé e wálé, wọ́n sì fi àwọn òpin ọ̀sẹ̀ dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì TR6. Ọkọ̀ náà ń lọ. Wọ́n gbé e lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Mo mọ irú ìpinnu yìí kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ TR6. Ní Ìbàdàn, lẹ́yìn ilé-ìwé, mo máa ń lọ jókòó ti ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní àdúgbò wa. Peugeot 504 ló kún ibẹ̀, àwọn tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti 1975, kábúrétọ̀ ló sì wà lára èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀gá lè tú kábúrétọ̀ kan sórí bébà ìròyìn, kó fẹ́ ẹnu sí ihò rẹ̀, kó fọ̀ ọ́ nínú agolo epo, kó sì tún un dè láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn tòkunbọ̀ oní-ìnjẹ́kítọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé, wọ́n ń gbé wọn wá sọ́dọ̀ rẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì wọn bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Mo rántí ọ̀kan dáadáa. Ọ̀gá wo ọkọ̀ náà títí, ó nu ọwọ́, ó yíjú sí ẹni tó ni ín.

"Alhaji, ẹ má bínú. Bí mo bá tún nọ́sù yìí ṣe lónìí, tó sì tún kú fún yín lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́, ta lẹ máa pè?"

Alhaji ò jiyàn. "Ọ̀gá, èyí tó máa gbé mi délé ni kó o ṣe."

Ọ̀gá fi kábúrétọ̀ sí i. Kò bú ẹni tó ṣe ìnjẹ́kítọ̀, kò sì pe ara rẹ̀ ní ọlọ́gbọ́n jù ú lọ. Ó wo ọ̀nà tí ọkọ̀ náà máa tọ̀, ó wo ọjà tí wọ́n ti ń ra ẹ̀yà ara ọkọ̀, ó wo epo tí wọ́n ń tà, ó sì wo ọwọ́ tó wà nítòsí. Nígbà tí mo dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ bí àwọn olówó ọkọ̀ àtijọ́ ṣe ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìbàjẹ́, ó dùn mí. Ẹni tó yí TR6 tèmi yìí padà ní 1983 àti Ọ̀gá ní Ìbàdàn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n dáhùn. Àwọn TR6 tí kò rí irú èèyàn bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ti di irin yíyọ́ tipẹ́tipẹ́.

Nítorí náà, ohun tí mo ń wá nígbà tí mo lọ wo ọkọ̀ yìí ní Lincolnshire ni bí wọ́n ṣe ṣe àyípadà náà, àti bóyá wọ́n ṣe é parí. Ibẹ̀ ni ewu wà. Ẹni tó bá yọ ìnjẹ́kítọ̀ lápá kan, tó fi ìyókù sílẹ̀, ti fi wàhálà pamọ́ de ẹni tó ń bọ̀. Kábúrétọ̀ kò fẹ́ ju nǹkan bí 3 psi lọ. Bí pọ́ǹpù àtijọ́ bá ṣì wà nínú búùtù, epo á bo abẹ́rẹ́ tó yẹ kó dá a dúró mọ́lẹ̀, á sì máa kún sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Bí òṣùwọ̀n epo bá sì ṣì wà níbi tó wà, tó ń yí láìsí epo nínú rẹ̀, irin á máa ha irin títí tí yóò fi há. Ọkọ̀ lè rẹwà lójú bí ojú ọjọ́ kí nǹkan wọ̀nyí sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran.

Bàbá àgbàlagbà kan ló ni ín, ó ti fẹ̀yìn tì, orúnkún ló ń dùn ún tí kò fi lè wọ ọkọ̀ tó lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti búùtù. Pọ́ǹpù Lucas ti kúrò. Pọ́ǹpù kékeré kan ló wà níbẹ̀, ohun tó ń dín agbára epo kù sì wà níwájú rẹ̀. Páìpù tó ń dá epo padà sí táńkì, tí kábúrétọ̀ kò lò, wọ́n ti dí i dáadáa lẹ́nu, wọn ò kàn dì í ní tẹ́ẹ̀pù. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lẹ́tà CP wà lára ẹ́ńjìnnì, ó sì bá ìwé mu. Ibi tí òṣùwọ̀n epo máa ń wà, wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ tí wọ́n gé dọ́gba bo ojú ihò náà, òróró kankan ò jò níbẹ̀. Kábúrétọ̀ SU méjì, irú HS6 tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ jẹ́ íǹṣì kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ló jókòó sórí páìpù afẹ́fẹ́ tó wá láti ara Triumph onílẹ̀kùn mẹ́rin. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí kò kánjú.

Lẹ́yìn náà ni mo sùn sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, nítorí kábúrétọ̀ kì í pa TR6, ìpẹtà ló ń pa á. Ibi tí apá táyà ẹ̀yìn ti so mọ́ ṣásì ni omi àti iyọ̀ ọ̀nà máa ń kóra jọ sí, ibẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹrà. Ibi tí wọ́n fi gíà ẹ̀yìn kọ́ sí náà máa ń là. Mo fi orí ṣùkùrùdíráfà kan gbogbo rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń gbọ́ bó ṣe ń dún. Irin líle ló ń dáhùn. Wọ́n ti jó irin tuntun mọ́ ọn lápá òsì, iṣẹ́ náà sì mọ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí n parí ni mo ní kí bàbá náà jẹ́ kí n yọ púlọ́ọ̀gì. Mo tò wọ́n sórí aṣọ funfun bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Mẹ́ta iwájú pọ́n bíi bísíkíìtì tí iná mú dáadáa. Mẹ́ta ẹ̀yìn dúdú, èéfín gbígbẹ bò wọ́n, ó ń yí mọ́ ìka. Kábúrétọ̀ iwájú ló ń bọ́ sìlíńdà mẹ́ta iwájú, ti ẹ̀yìn ló ń bọ́ mẹ́ta ẹ̀yìn, nítorí náà, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí lára ẹ́ńjìnnì. Kábúrétọ̀ ẹ̀yìn ló ń da epo jù.

SU rọrùn láti lóye, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń fa afẹ́fẹ́ ni písítìnnì kan inú rẹ̀ ń gòkè. Abẹ́rẹ́ tó túbọ̀ ń tẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀ so mọ́ ìsàlẹ̀ písítìnnì náà, ó sì ki ẹnu bọ ihò kan tí a ń pè ní jẹ́ẹ̀tì. Bí písítìnnì bá gòkè, abẹ́rẹ́ á fà jáde, àyè tó kù láàárín abẹ́rẹ́ àti jẹ́ẹ̀tì á fẹ̀, epo púpọ̀ á gba ibẹ̀ kọjá. Òróró díẹ̀ wà nínú ọ̀pá tó wà lórí rẹ̀ kí písítìnnì má baà fò sókè lójijì nígbà tí èèyàn bá tẹná. Bí ó ṣe rí nìyẹn, ó kù díẹ̀ kó tán síbẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù láàárọ̀, a máa fa ọwọ́ kan nínú ọkọ̀ tó ń fa jẹ́ẹ̀tì wálẹ̀ kí epo lè pọ̀. Bó bá ti gbóná, a ó tì í padà, jẹ́ẹ̀tì á sì gòkè síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Bí ó bá gòkè. Mo fi ìka kan ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀ ẹ̀yìn, mo sì rí i pé jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti há sísàlẹ̀. Mo dá àwọn púlọ́ọ̀gì padà, mo ní kí bàbá yí kọ́kọ́rọ́, mo sì fi àtàǹpàkò ti jẹ́ẹ̀tì náà sókè díẹ̀díẹ̀. Ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà lójú ẹsẹ̀. Ìkọ́ tó ń wú u láyà dáwọ́ dúró, òórùn epo tútù tó wà lẹ́nu sáílẹ́ńsà sì lọ. Mo pa á. Mo gbé písítìnnì sókè pẹ̀lú ìka, mo fi sílẹ̀, ó sì bọ́ sílẹ̀, tọ́, irin lé irin, èyí tó túmọ̀ sí pé abẹ́rẹ́ wà láàárín gbùngbùn. Bàbá náà dúró, ó ń wò mí. Ó ní ọdún mélòó kan ni òun ti rò pé ẹ́ńjìnnì ti ń gbó ni.

Ẹ wo ohun tí mo ń sọ. Ọwọ́ lásán àti etí ni mo fi mọ àìsàn ọkọ̀ yẹn, lórí koríko níwájú ilé ẹni tí mi ò rí rí. Bó bá jẹ́ pé ìnjẹ́kítọ̀ Lucas ló wà lára rẹ̀, ǹ bá gbé nọ́ńbà ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, kí n sì máa fojú sọ́nà. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà lóde òní, iṣẹ́ wọn sì dára gan-an: wọ́n ń sọ òṣùwọ̀n epo dọ̀tun, wọ́n ń fi rọ́bà tí epo òde òní kò lè jẹ sínú rẹ̀, wọ́n sì ti fi pọ́ǹpù Bosch rọ́pò ti àtijọ́, tó jẹ́ pé ìtìjú àpò ẹ̀wà tútù ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá ní TR6 tí ìnjẹ́kítọ̀ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, kó má yọ ọ́. Kò sí ìdí tí èèyàn fi ní láti ṣe é mọ́.

Mo ti wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ti ọ̀rẹ́ mi kan, mi ò sì ní purọ́: ó yára ju tèmi lọ. Agbára ẹṣin 150 ni Triumph kọ sínú ìwé fún CP, nígbà tí TR6 oníkábúrétọ̀ ti Amẹ́ríkà kò ju nǹkan bí 104 lọ. Òótọ́ ni pé wọ́n ti fẹ́ ẹnu sí 150 yẹn díẹ̀, nítorí nígbà tí CR dé tí wọ́n tún camshaft, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì, ṣe tí wọ́n sì yí ọ̀nà ìwọ̀n padà, 125 ni wọ́n kọ. Síbẹ̀, bí o bá tẹná lára oní-ìnjẹ́kítọ̀, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ tirẹ̀, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ á sì fò síwájú kí ẹsẹ̀ rẹ tó délẹ̀. Tèmi a máa mí kó tó sáré. Ohun tó sọnù sọnù, kò sì yẹ ká máa pe kábúrétọ̀ ní ìtẹ̀síwájú nínú ìpolówó nítorí pé a fẹ́ tajà.

Ohun tó mú kí n sanwó lọ́jọ́ yẹn wà nínú gárééjì, lábẹ́ tábìlì. Nígbà tí mo ti fẹ́ máa lọ ni bàbá náà fa àpótí páálí kan jáde tó ní ó bá ọkọ̀ náà wá nígbà tóun rà á. Òṣùwọ̀n epo Lucas wà nínú rẹ̀, wọ́n fi aṣọ tó rin fún òróró wé e. Nọ́sù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà níbẹ̀, wọ́n fi rọ́bà dí ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́nu. Àwọn ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà níbẹ̀. Lórí gbogbo rẹ̀ ni bébà kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin wà: déètì inú oṣù kẹwàá 1983, iye máìlì tí ọkọ̀ ti rìn, orúkọ gbogbo ohun tí wọ́n yọ, àti ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́. Kò kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Ó wulẹ̀ fẹ́ kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn mọ ohun tí òun ṣe, kó sì lè tú u palẹ̀ bó bá fẹ́.

Mo ka bébà náà lórí ìdúró. Mo ti rí àwọn TR6 tí owó wọn ju tèmi lọ, tí ara wọn ń dán, tí ìwé wọn kò sì sọ òtítọ́ kan nípa ẹni tó tún ẹ́ńjìnnì wọn ṣe. Ọkùnrin tàbí obìnrin tó kọ bébà yìí yí ọkọ̀ padà, kò sì fi ohunkóhun pamọ́ fún mi. Bí èèyàn bá fẹ́ mọ̀ bóyá àyípadà kan jẹ́ ìbàjẹ́ tàbí ìtọ́jú, ohun tí mo máa wò láti ìsinsìnyí lọ nìyẹn: ṣé ẹni tó ṣe é rántí pé ẹlòmíì máa ní in lẹ́yìn òun?

Nígbà tí mo gbé e délé, ìyàwó mi yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó wo àyè tó wà lẹ́yìn ìjókòó. "Bàbá Ìbejì, ibo ni àwọn ọmọ máa jókòó sí?" Mo ní kò síbì kankan fún wọn. Ó ní ó dáa, a jẹ́ pé àwa méjèèjì la máa máa jáde. Ọ̀rọ̀ náà sì parí sí rere.

Mo kọ̀wé sí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ Bìrìtìkó ní Gaydon, wọ́n sì fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ tó fi hàn pé irú ẹ́ńjìnnì àti irú àwọ̀ tó jáde pẹ̀lú ní Canley ló ṣì wà lára rẹ̀. Epo olówó gọbọi ni mo ń rà fún un, nítorí láti oṣù kẹsàn-án 2021 ni epo gbáàtúù níbí ti di E10, ọtí ethanol inú rẹ̀ sì máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́. Ìjọba kò béèrè owó orí ọ̀nà lórí ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún, wọn kì í sì í fagbára mú un lọ síbi àyẹ̀wò ọdọọdún mọ́ láti 2018. Èyí kò dùn mọ́ mi nínú tó bó ṣe dùn mọ́ àwọn ẹlòmíì. Ọkọ̀ tí kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò nílò olówó rẹ̀ tó ń sùn sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo sì ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí ẹni 1983 kò ṣe. Camshaft CP ṣì wà nínú ẹ́ńjìnnì, èyí tí wọ́n gé fún ìnjẹ́kítọ̀. Ó máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ gbọ̀n nígbà tó bá dúró níwájú iná títì, kábúrétọ̀ SU kò sì mọ bí yóò ṣe tẹ̀ lé e ní ìwọ̀nba ìyára. Nígbà òtútù tó ń bọ̀, nígbà tí a bá ń tú iwájú ẹ́ńjìnnì nítorí ṣéènì tó ń dún, màá gbé camshaft irú ti CR sí i, èyí tó rọ̀ jù ú lọ, màá sì wá abẹ́rẹ́ tó bá a mu fún kábúrétọ̀ méjèèjì. Camshaft àtijọ́ á wọ inú àpótí páálí náà, nínú aṣọ tó rin fún òróró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n epo àti nọ́sù. Màá kọ déètì àti iye máìlì sí ìsàlẹ̀ bébà yẹn, àti ìdí tí mo fi yọ ọ́.